Bí ẹ ṣe lè fojú ara yín mọ ìṣẹ́ àti àìdọ́gba owó ní àdúgbò yín

Bí rédíò bá ní òṣì ti ń dínkù ní Bẹ̀nẹ̀, ẹni tó jókòó sí ìdí ọjà rẹ̀ ní Wàǹdó á pòṣé, á ní irọ́ ni, torí òun ò tíì tajà láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí rédíò àtẹni tó pòṣé, àwọn méjèèjì lè má purọ́ o. Ohun tí kálukú ń wò ló yàtọ̀. Èmi, iṣẹ́ àńkẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), à ń gbé ìwé ìbéèrè láti ojúlé dé ojúlé, nígbà míì wọ́n á rán wa lọ sí Kétu tàbí Sábẹ̀, ohun tó sì ń dùn mí jù ni bí àwa ará ìlú fúnra wa ṣe máa ń ṣi ara wa wò. Ẹni tí ìṣẹ́ ń jẹ lára gan-an la máa ń pè ní ọ̀lẹ, ẹni tó gun ọ̀kadà tuntun kọjá la máa ń pè ní olówó, a ò mọ̀ pé gbèsè ló ń gùn kiri.

Nítorí náà mo fẹ́ kọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè wò ó síbí, ẹ̀ báà jẹ́ olórí àdúgbò, ẹ̀ báà jẹ́ tíṣà, tàbí ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ tó kàn fẹ́ mọ ibi tóun ń gbé. Káyé kan, ìyẹn ìwé ìkọ̀wé, àti bíìkì kan ti tó.

Ẹ má pa nǹkan méjì pọ̀

Ìṣẹ́ lọ́tọ̀, àìdọ́gba lọ́tọ̀. Ìṣẹ́ ni kí ohun tó wà lọ́wọ́ èèyàn má tó ohun tí ara ò lè ṣe aláìní, ìyẹn oúnjẹ, omi, ibùgbé, oògùn, iṣẹ́ ìwé ọmọ. Àìdọ́gba ni bí ohun tó wà nílùú ṣe pín láàárín àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ẹ lè rí abúlé kan tí gbogbo wọn jọ tòṣì, tí ẹnì kan ò fi bẹ́ẹ̀ ju ẹnì kejì lọ, ẹ sì lè rí ìlú míì tí ebi ò pa ẹnikẹ́ni sun níbẹ̀ àmọ́ ọwọ́ ẹni mẹ́ta ni gbogbo ilẹ̀ wà. Kódà ìṣẹ́ lè máa dínkù kí àìdọ́gba máa pọ̀ sí i lọ́dún kan náà. Tí ẹ bá ń bá ẹnì kan jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ bi í pé èwo ló ń sọ nínú méjèèjì, ìdajì ìjà náà á parí níbẹ̀.

Àwọn kan á sì ní "ìka ò dọ́gba" kí ọ̀rọ̀ lè tán. Òótọ́ ni, ìka ò dọ́gba, kò sẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀. Ohun tá à ń béèrè ni pé báwo ni ìyàtọ̀ yẹn ṣe pọ̀ tó, kí ló ń fà á, àti pé ọmọ ẹni tó wà nísàlẹ̀, ṣé ọ̀nà wà tó lè gbà gòkè?

Ibi tí wọ́n ń fa ìlà sí

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ibẹ̀ náà ni àwọn oníṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wo oúnjẹ tí àwọn ará ìlú ń jẹ lóòótọ́, gàrí, àgbàdo, iṣu, ìrẹsì, ẹja, epo, wọ́n á ṣírò iye tó máa ná èèyàn láti jẹ èyí tó lè gbé ara ró lójúmọ́, wọ́n á wá fi owó ilé, aṣọ, oògùn, ọkọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ kún un, iye tó bá jáde ni ìlà. Ẹni tí ìnáwó rẹ̀ bá wà lábẹ́ ìlà yẹn ni wọ́n ń kà sí tálákà. Ní tiwa, INStaD, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò ìlú, ló ń ṣe é, wọ́n sì ṣe é ní 2018 sí 2019, ìdá 38.5 nínú 100 ló bọ́ sábẹ́ ìlà, wọ́n tún ṣe é ní 2021 sí 2022, ó di 36.2. Ohun tí ẹni orí rédíò ń wí nìyẹn. Ó dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lé ní ẹnì kan nínú ẹni mẹ́ta, àwa èèyàn náà sì ń bí sí i lójoojúmọ́, torí náà ìdá lè wálẹ̀ kí iye orí tí ìṣẹ́ ń bá fínra má wálẹ̀. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá fún yín ní ìdá, ẹ béèrè iye orí.

Ti Báńkì Àgbáyé tún yàtọ̀. Wọ́n ní ìlà tiwọn fún gbogbo ayé, dọ́là 1.90 lójúmọ́ ni láti 2015, wọ́n gbé e sí 2.15 ní 2022, wọ́n tún gbé e sí dọ́là 3 ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀. Ọ̀kan, tí ẹ bá gbọ́ pé tálákà tún pọ̀ sí i ní 2025, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìlà ni wọ́n sún. Ìkejì, dọ́là yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ ní bọ́dà Kràkẹ́ o, dọ́là ìṣirò ni, wọ́n ti wo pé ohun tí owó kan ń rà ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí ohun tó ń rà lọ́dọ̀ wa, torí náà ẹni tó bá fi iye ṣíṣẹ́ ti ọjà ṣírò ó á gbé ìlà náà ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ku nǹkan kan tí wọn kì í sábà sọ lórí rédíò, òun ni bí èèyàn ṣe jìn sísàlẹ̀ tó. Ẹni tó kù 500 sẹ́fà lóṣù kó fi dé ìlà àtẹni tó kù 8,000, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ nínú ìdá 36.2 yẹn. Ìjọba lè ran àwọn tó sún mọ́ ìlà lọ́wọ́ kí ìdá tètè wálẹ̀, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá má sì rí nǹkan kan. Mi ò sọ pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é, mo kàn ní kí ẹ máa béèrè.

Ẹ má béèrè pé "èló lẹ ń rí lóṣù?"

Ìbéèrè yìí ló ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Fọ́ńṣọ́nẹ̀ẹ̀, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba, mọ iye tí wọ́n ń san fún un, ṣùgbọ́n ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní Àjárà, báwo ló ṣe fẹ́ mọ tiẹ̀? Owó ọjà, owó ilé àti owó tọ́ntíìnì (èésú), inú àpò kan náà ni gbogbo ẹ̀ wà, ó yọ 500 níbẹ̀ lánàá ra oògùn ibà fọ́mọ, ó tún fi 1,000 tí àbúrò rẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí mómó, ìyẹn owó orí fóònù, dí i. Zémijàn, ìyẹn ọlọ́kadà tó ń gbé èrò, náà á sọ iye tó gbà lọ́wọ́ èrò, kò ní yọ owó epo, kò ní yọ owó ọ́ìlì, kò sì ní yọ iye tó ń san fún ẹni tó ni ọ̀kadà. Ẹni tó lówó á dín tiẹ̀ kù torí ó rò pé ìmpó, ìyẹn owó orí, lẹ bá wá, ẹni tí ò ní á ní òun ò rí kọ́bọ̀ torí ó rò pé ìrànwọ́ lẹ gbé wá.

Ohun tó wọnú ẹnu ni kí ẹ béèrè. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó bí wọ́n bá fún yín ní àga, ẹ má dúró lé wọn lórí.

"Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ jẹ nílé láàárọ̀ àná?"

"Gàrí la mu, ọmọ mi."

"Ọ̀sàn ńkọ́, mà?"

"Ọ̀sàn kẹ̀? Àwọn ọmọ jẹun ní lékọ̀lù. Èmi ò fẹnu kan nǹkan kan títí alẹ́."

Ẹ wo ohun tí ìdáhùn kékeré yẹn gbé wá. Oúnjẹ kàǹtínì lékọ̀lù (ilé ìwé), èyí tí ìjọba àti PAM, àjọ oúnjẹ àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ sí í fẹjú rẹ̀ láti 2017, òun ló gbé ọ̀sàn ilé yẹn dúró, ó túmọ̀ sí pé nígbà ọlidé, nígbà tí àpò ilé ò yí padà, ẹnu mẹ́ta mẹ́rin á tún pọ̀ sí i lọ́sàn-án. Ìyá náà ló sì ń febi ara rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Kò sí iye owó oṣù kankan tó lè sọ ìyẹn fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n rà láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye rẹ̀. Ọjọ́ méje dára torí pé èèyàn ṣì ń rántí. Ẹ tún béèrè ohun tí wọ́n jẹ láì rà á. Àgbẹ̀ Sábẹ̀ tó ń wa iṣu lóko ara rẹ̀ lè ní òun ò náwó oúnjẹ rárá lọ́sẹ̀ yẹn, síbẹ̀ iṣu náà lówó lórí lọ́jà, ẹ fi iye ọjà ṣírò ó kún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa sọ ẹni tó yó di tálákà. Ìnáwó ilé tí kì í ṣe ojoojúmọ́, bí owó ilé, aṣọ ọdún, owó dókítà, ẹ béèrè ti oṣù tàbí ti ọdún kan, ẹ sì pín in.

Ẹ ka orí, kí ẹ tó pe ẹnì kan ní olówó

Láti oṣù kìíní ọdún 2023, SMIG, ìyẹn owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin gbà ní Bẹ̀nẹ̀, di 52,000 sẹ́fà, 40,000 ló wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń dá gbé tó ń gba 52,000 lè gbìyànjú. Tó bá jẹ́ pé òun, ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń jẹ ẹ́, ẹ pín in sọ́nà mẹ́fà, kò pé 8,700 lóṣù lórí ẹnì kan, ẹ pín in fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó ń lọ sí bíi 289 sẹ́fà lójúmọ́ fún oúnjẹ, ilé, omi, ìná, aṣọ, gbogbo ẹ̀. Owó oṣù kan náà, ayé méjì. Àwọn tí SMIG sì ń dáàbò bò kò pọ̀ láàárín wa, ẹni tó ń ta kpayo, ìyẹn epo bẹntiróò fàyàwọ́ tó ń ti Nàìjíríà wá, ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń fi òfin yẹn sanwó fún wọn.

Tí ẹ bá ń ka orí, ẹ ka gbogbo ẹni tó sùn síbẹ̀ tó sì jẹun níbẹ̀. Mo tún fẹ́ tẹnu mọ́ ọn, ẹ béèrè nípa ọmọ tí wọ́n mú láti abúlé wá, vidomẹgọ̀n, torí ọ̀pọ̀ ilé kì í dárúkọ rẹ̀ àfi tí ẹ bá béèrè. Ó ń ta omi kiri nígbà tí àwọn ọmọ ilé wà ní lékọ̀lù. Tí ẹ bá pín owó ilé yẹn ní dọ́gba dọ́gba, òun náà á dà bí ẹni tó ń jẹ̀gbádùn, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àìdọ́gba ń bẹ nínú ilé kan ṣoṣo, ta ló ń jẹ ẹran, ta ló ń jẹ ọbẹ̀ lásán, ọmọ wo ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ ní lékọ̀lù tí owó bá dá, ta ló ń lọ sí ọsibítù nígbà tí ara ò yá àti ta ni wọ́n ń po àgbo fún? Ìṣirò tó tóbi jù lágbàáyé kì í rí ìyẹn. Ẹ̀yin lè rí i, torí ẹ̀yin lẹ wọlé.

Ta ló ń ra nǹkan wọ́n jù?

Ibí yìí ni kí ẹ lo àkókò sí jù lọ, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé tálákà kì í kàn ṣe ẹni tí owó rẹ̀ kéré, ó tún ń san jù lórí ohun kan náà.

Ẹ fi omi bẹ̀rẹ̀. Ilé tó ní mítà SONEB, ilé iṣẹ́ omi ìlú, ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù gẹ́gẹ́ bí ohun tó lò. Ilé tí ò ní, bàsíà, ìyẹn abọ́ ńlá, ló ń gbé lọ sílé aládùúgbò. Ẹ béèrè iye bàsíà kan, ẹ béèrè lítà tó ń gbà. Ká ní 25 sẹ́fà ni fún lítà 25, ó jẹ́ sẹ́fà kan fún lítà kan, mítà kúbù kan sì jẹ́ lítà 1,000, torí náà 1,000 sẹ́fà ló ń san fún un. Ẹ wá gba ìwé owó omi lọ́wọ́ ẹni tó ní mítà, ẹ wo iye tí wọ́n fi mítà kúbù kan sí fún un, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lówó láti fi fa páìpù ló ń mu omi tó dínwó, ẹni tí ò ní owó páìpù ló ń san jù, ó tún ń fi orí rù ú, àkókò tó fi ń tò sídìí ẹ̀rọ náà ò sí nínú ìṣirò. Iná náà rí bẹ́ẹ̀, ayálégbé inú ọgbà tí onílé fi dékọ́ńtà (mítà kékeré) sí fún kì í fi bẹ́ẹ̀ san iye kan náà pẹ̀lú onílé lórí kílówáàtì kan.

Ọjà ńkọ́? Ẹni tó ní owó ra sáàkì ìrẹsì kan lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ò ní ra tóngólò kan, ìyẹn agolo tí wọ́n fi ń wọn ọjà, lónìí, òmíràn lọ́la. Ẹ ra tóngólò náà, ẹ wọ̀n ọ́n ní kílò, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ dé iye kílò tó wà nínú sáàkì, ẹ kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣe ti èédú, ẹ ṣe ti òróró, ẹ ṣe ti ọṣẹ. Kì í ṣe pé oníṣòwò kékeré ń rẹ́ni jẹ o, òun náà ní láti jẹun, àmọ́ ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀ ló ń san gbogbo èrè àwọn tí ọjà náà ti ọwọ́ wọn kọjá.

Owó fúnra rẹ̀ náà ní iye. Ká ní ìyá kan yá 10,000 lọ́wọ́ olówó èlé ọjà, tó sì ń san 400 lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. 12,000 ló san. Èlé ìdá 20 nínú 100 nìyẹn láàárín oṣù kan, tí ẹ bá sì wò ó pé ọjọ́ kejì ló ti ń dá owó náà padà, tí 10,000 ò dúró lọ́wọ́ rẹ̀, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo ilẹ̀ UEMOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ń ná sẹ́fà, báńkì ò gbọ́dọ̀ gba èlé tó ju ìdá 15 lọ LỌ́DÚN, ilé máíkrófínánsì ò sì gbọ́dọ̀ kọjá 24 lọ́dún, láti 2014 ni òfin yẹn ti wà bẹ́ẹ̀. Fọ́ńṣọ́nẹ̀ẹ̀ á mú bulẹtẹ́ẹ̀nì, ìwé ẹ̀rí owó oṣù rẹ̀, lọ sí báńkì, wọ́n á yá a. Ìyá ọjà ò ní bulẹtẹ́ẹ̀nì. Ìfowópamọ́ náà, bákan náà. Ẹni tó ń fún alájọ ní 500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 31, á kó 15,000 lópin oṣù, alájọ á mú 500 ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ rí i pé tálákà ń sanwó kó tó lè fowó pamọ́, olówó, báńkì ló ń sanwó fún un torí ó fowó pamọ́. Mi ò bá alájọ wí rárá, tí kò bá sí òun, ọ̀pọ̀ ìyá ò ní rí owó kó jọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó ń sọ pé "wọn ò mọ owó ṣọ́" ṣe ìṣirò yẹn kó tó tún sọ̀rọ̀.

Ohun tí owó ò fi hàn

Lẹ́yìn owó, ẹ wo ohun tí ilé kan kò ní. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Sabina Alkire àti James Foster ní Oxford gbé ọ̀nà kan kalẹ̀, PNUD, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti 2010, ọ̀nà mẹ́ta ló gbà ń wò ó, ìlera, ẹ̀kọ́, àti bí ilé ṣe rí, àmì mẹ́wàá ló sì wà nínú rẹ̀. Ṣé ọmọ ń jẹ yó, ṣé ọmọ kú nínú ilé náà, ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ka ìwé tó ọdún mẹ́fà, ṣé àwọn ọmọ ń lọ sí lékọ̀lù, igi ni wọ́n fi ń dáná ni àbí gáàsì, ṣáláńgá, omi, iná, ilẹ̀ilé, àwọn ẹrù bíi rédíò àti ọ̀kadà. Ẹni tí ohun tó ṣaláìní nínú wọn bá tó ìdá kan nínú mẹ́ta ni wọ́n ń kà sí tálákà. Èmi máa ń fi ọ̀kan kún un nílùú wa, ìwé ìbí. Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí, wàhálà ni tó bá kan CEP, ìdánwò àṣejáde lékọ̀lù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀ ò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, ilé tí ìṣẹ́ ń bá jà ló sì sábà máa ń jẹ́ pé wọn ò ṣe é nígbà tó yẹ.

Ìṣirò ilé mẹ́wàá

Ó ti tó àkókò tá a máa wo àìdọ́gba. Ẹ mú ilé mẹ́wàá ní vọ́ọ̀nù (òpópó àdúgbò) kan, ẹ to ìnáwó wọn láti kékeré dé ńlá. Àpẹẹrẹ tí mo gbé kalẹ̀ fún ìṣirò nìyí, kì í ṣe ilé ẹnì kankan: 20,000, 25,000, 30,000, 35,000, 40,000, 45,000, 55,000, 70,000, 130,000, 550,000.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan. Pín in fún mẹ́wàá, ó di 100,000 lórí ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ kí àdúgbò yín dára lójú á sọ pé "100,000 ni wọ́n ń rí níbẹ̀", bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kò dé ibẹ̀. Ẹ wo àárín tòótọ́ dípò rẹ̀, láàárín ilé karùn-ún àti ìkẹfà, 42,500 ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 42,500 àti 100,000 yẹn ti ń sọ̀rọ̀. Ká ní ọdún tó ń bọ̀ ilé ìkẹwàá di 1,100,000, àwọn mẹ́sàn-án yòókù ò sì rí sẹ́fà kan kún tiwọn, ìpíndọ́gba á fò sókè sí 155,000, wọ́n á ní àdúgbò ti ń lówó, ṣùgbọ́n 42,500 ò ní kúrò níbi tó wà. Tí wọ́n bá ní ọrọ̀ ajé ìlú gòkè, ohun tó yẹ kí ẹ béèrè nìyẹn, pé ẹni tó wà láàárín ńkọ́?

Ẹ wá kó ilé mẹ́rin àkọ́kọ́ pọ̀, 110,000. Ilé kan ṣoṣo tó wà lókè, 550,000. Ìlọ́po márùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni Palma, ọmọ ilẹ̀ Ṣílè, ló gbajúmọ̀ fún ọ̀nà yìí, ẹ mú ohun tó wà lọ́wọ́ ìdá 10 tó lówó jù, ẹ fi ohun tó wà lọ́wọ́ ìdá 40 tó tòṣì jù pín in. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ìyá àgbà tí ò kàwé náà á yé e.

Èyí tí ẹ máa ń gbọ́ jù ni Gini, Corrado Gini ará Ítálì ló gbé e jáde ní 1912. Òdo ni tí gbogbo èèyàn bá ní iye kan náà, 100 ni tí ẹnì kan bá kó gbogbo ẹ̀. Ilé mẹ́wàá wa yìí ń lọ sí bíi 58. Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n máa ń dárúkọ bíi pé òun ló burú jù, 63 ni ní 2014. Tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, 34.4 ni wọ́n kọ fún 2021. Ẹ má tètè yọ̀ o, torí ìnáwó ni wọ́n ń wọ̀n lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe owó tó ń wọlé, ẹni tó ń rí mílíọ̀nù márùn-ún kì í jẹ gbogbo ẹ̀ tán, ó ń fi kọ́lé, ó ń fi ra ilẹ̀, ìyẹn ò sí nínú ìnáwó oúnjẹ rẹ̀, àwọn olówó gan-an kì í sì í fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún àńkẹ́ẹ̀tì. Torí náà ohun tó wà níta máa ń ju ohun tó wà nínú ìwé lọ.

Ilẹ̀ sì ni kí ẹ béèrè lẹ́yìn èyí. Owó oṣù máa ń tán, ilẹ̀ ló ń dúró de ọmọ. Ẹ béèrè ẹni tó nilẹ̀ tí ilé náà wà lórí rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ó ní títírì fọ́ńsíyẹ̀, ìyẹn ìwé ilẹ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, àbí ìwé àdéhùn lásán, ẹ sì béèrè ohun tí àwọn ọmọbìnrin gbà nígbà tí bàbá kú. Òfin ẹbí tó jáde ní 2004 ní ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ jogún bákan náà. Ẹ lọ bi àwọn ìyá ní Kétu kí ẹ gbọ́ bó ṣe rí lóko.

Kí ló tì wọ́n ṣubú?

Ẹ béèrè pé "kí ló ṣẹlẹ̀ tí nǹkan fi yí padà?" kí ẹ sì dákẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ lọ́dọ̀ wa níbí kì í sábà jẹ́ ọ̀lẹ. Àìsàn ni, ikú olórí ilé ni, òjò tó kọ̀ ni, bọ́dà ni. Nàìjíríà ti bọ́dà ní oṣù kẹjọ 2019, oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí i, gbogbo ẹni tó ń jẹun ní Ìgólò àti ní ọ̀nà Ìlárá mọ ohun tójú wọn rí, tòmátì jẹrà lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti tán, kpayo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lọ́dọ̀ wa, zémijàn ò lè gbé owó ọ̀nà sókè tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta á lẹ́bàá títì náà ò rí oníbàárà bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà á tún sọ ti oṣù kìíní 1994 fún yín, nígbà tí wọ́n gé sẹ́fà sí ìdajì, tí oògùn àti ìrẹsì òkèèrè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan. Ní Sábẹ̀, ẹ béèrè ti kajú, láti oṣù kẹrin 2024 wọn ò gbà kí wọ́n kó èyí tí wọn ò tíì fọ́ lọ sí òkèèrè mọ́, kó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ abẹ́lé ló ń fọ́ ọ, ẹ bi àgbẹ̀ iye tó ta kílò kan ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Èyí tí àìsàn bì ṣubú, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n wà nínú ìwé ARCH, ètò ìṣedúró ìlera fún àwọn tí ọwọ́ wọn ò tó. Mo ti bá ilé pàdé tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí ẹnì kankan ò sọ fún rí.

Bí ẹ ṣe máa tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn

Ẹ má kọ orúkọ sínú káyé, ẹ fi nọ́mbà sí ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ya fọ́tò ìkòkò òfìfo ẹnì kankan. Ẹ má ṣèlérí ìrànwọ́ tí kò sí lọ́wọ́ yín, ẹ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ fẹ́ mọ̀ ni. Tí ọkọ bá wà níbẹ̀ tí ìyàwó sì ń wo ojú rẹ̀ kó tó dáhùn, ẹ kí wọn, ẹ padà wá nígbà tí ìyá bá wà ní ọjà.

Ẹ rí i pé ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ní oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, àgbàdo àtijọ́ ti tán nínú àká, tuntun ò tíì gbó, ilé tí ẹ rí nígbà yẹn àti ilé kan náà ní oṣù kẹjọ, ẹ lè rò pé ìdílé méjì ni. Ilé tó ṣubú ní oṣù kẹfà tó sì dìde ní oṣù kẹjọ, ohun tó nílò ni owó díẹ̀ tàbí oúnjẹ láàárín ìgbà yẹn kó má baà ta ewúrẹ́ rẹ̀ tàbí yá owó èlé. Ilé tó wà nísàlẹ̀ nígbà méjèèjì nílò nǹkan míì, ilẹ̀, iṣẹ́, ìwòsàn, ọ̀nà fún ọmọ láti máa lọ sí lékọ̀lù. Tí wọ́n bá pín ohun kan náà fún méjèèjì, ọ̀kan nínú wọn ò ní rí ìrànwọ́ gbà.

Tí ẹ bá ti ní ìwé ìgbà méjèèjì lọ́wọ́, ẹ kó wọn lọ bá olórí àdúgbò kí mẹ́ẹ̀rì tó jókòó lórí bájẹ́ẹ̀tì ní ìparí ọdún. Ẹ má gbé gbogbo káyé lọ, wọn ò ní kà á. Ẹ fi ojú ìwé kan ṣoṣo sí i, iye ilé tó wà nísàlẹ̀ nígbà méjèèjì, iye tí wọ́n ń ra mítà kúbù omi kan pẹ̀lú bàsíà, àti iye ọmọ tí kò ní ìwé ìbí, torí pé ó yẹ kí mẹ́ẹ̀rì gbọ́ nípa nǹkan mẹ́ta yìí.